Bíréèkì tó ń han àti bíréèkì tó ń họ: èwo lẹ máa kọ́kọ́ náwó sí?

Mò ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè Mókọ́lá lọ sí Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ mi sì han "fíííín!" débi pé ọlọ́kadà tó wà níwájú mi yà bàrá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó bojú wẹ̀yìn, ó wò mí bíi pé èmi gan-an ni mo kígbe. Mo wà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó sún mọ́ ilé. Kò tíì tú táyà tó fi ní, "Mọ̀mí, páàdì yín ti tán. Ẹ mówó wá." Mo mówó wá, ó pààrọ̀ páàdì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó ń di dísìkì (àwo irin tó ń yí pẹ̀lú táyà) mú kí ọkọ̀ lè dúró. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọkọ̀ náà fi dákẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, "fíííín!"

Ọ̀gá kejì tí mo gbé e lọ bá ní Ìwó Róòdù kò dárúkọ owó. Ó tú táyà, ó yọ páàdì tuntun yẹn, ó wo iwájú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Mọ̀mí, irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn páàdì yìí ńkọ́?" Mo ní irin wo? Ó na ọwọ́ sínú garawa, ó fa páàdì ògbólógbòó kan yọ, ó fi ìdí sípánà ṣí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé e lé mi ní àtẹ́lẹwọ́. Kò nípọn ju páálí sìgá lọ. Ìgbà náà ni mo rántí pé mo rí irú rẹ̀ méjì nílẹ̀, nínú ọ́ìlì dúdú, lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́.

Páàdì mi àtijọ́ ò tán rárá. Àwọn ọ̀pá kékeré méjì tí kálípà, ìyẹn irin tó gbá páàdì mú, fi ń rìn síwá sẹ́yìn ló ti gbẹ bíi pańla. Mo sanwó páàdì nítorí gíríìsì tí kò kún ṣíbí tíì. Látìgbà náà, n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ owó kí etí tèmi tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ohun tí mo sì fẹ́ ṣe níbí nìyẹn: kí n gbé àwọn ariwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí n tún gbé àwọn ohun tí wọ́n máa ní kí ẹ rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

## Èyí tó ń han, èyí tó ń họ

Ariwo bíréèkì pọ̀, ṣùgbọ́n méjì ló ń gbé àwa onímọ́tò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì jù. Èyí tó ń han máa ń tín-ín-rín, ó ń gún etí bí ìgbà tí ọmọdé bá fọn fèrè oníke síni létí. Èyí tó ń họ máa ń wúwo, bí ìgbà tí wọ́n bá ń wọ́ ṣọ́bìrì lórí kọnkéré. Ẹsẹ̀ yín á tètè gbọ́ ọ ju etí yín lọ, nítorí pé ó máa ń gbọ̀n wá bá yín láti ara pẹ́dàlì.

Tí ẹ bá mọ bí wọ́n ṣe ń ta gòjé, ẹ ti mọ ìdí tí bíréèkì fi ń han. Ọrun gòjé á di okùn mú, á jọ̀wọ́ rẹ̀, á tún dì í mú, kíákíákíá, okùn á sì máa kọrin. Bẹ́ẹ̀ ni páàdì ṣe ń di dísìkì mú tó sì ń jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí gbogbo nǹkan bá jókòó sí ààyè ara wọn, tí gíríìsì wà níbi tó yẹ, tí irin pẹlẹbẹ wà lẹ́yìn páàdì, ìgbọ̀n-ọ́n náà á kú síbẹ̀. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, orin bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ìhan lè wá látara nǹkan kékeré: ọ̀pá kálípà tó gbẹ, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n jù nù, eruku tó há sáàárín, tàbí ojú páàdì tó ti jóná tó sì ń dán bí àwo tánganran. Ti jíjóná yìí máa ń bá àwọn tó máa ń gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti orí òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ wá wo ọ̀nà Ẹfọ̀n Aláayè lọ́jọ́ ọjà, ẹ̀ẹ́ máa gbóòórùn páàdì tó ń jó. Jíà kékeré ló yẹ kó máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn níbẹ̀, kí bíréèkì kàn máa ràn án lọ́wọ́.

Ìhan kan tún wà tí wọ́n dìídì ṣe. Lára ọ̀pọ̀ páàdì, ahọ́n irin kékeré kan wà. Páàdì tuntun sábà máa ń nípọn tó mílímítà 10 sí 12. Bó bá jẹ kù bíi 2 tàbí 3, ahọ́n yẹn á kan dísìkì, á bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé kí wọ́n wá tú òun. Ọ̀nà tí mo fi ń dá a mọ̀ ni pé ó máa ń han nígbà tí ọkọ̀ ń lọ jẹ́jẹ́ láìtẹ bíréèkì, nígbà mìíràn ẹ tún tẹ bíréèkì, ó dákẹ́. Ti ọ̀pá gbígbẹ àti páàdì jíjóná kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ń han, pàápàá tí ọkọ̀ bá kù díẹ̀ kó dúró.

Họ̀ọ̀ họ̀ọ̀ kò ní àwàdà nínú. Ohun tó wọ́pọ̀ jù tó ń fà á ni pé páàdì ti jẹ tán, irin tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti ń jẹ dísìkì. Irin ń lọ irin nìyẹn. Ọkọ̀ ò ní dúró níbi tó ti ń dúró tẹ́lẹ̀, dísìkì tí ì bá lò fún ọdún mélòó kan sí i á sì di ẹrù àwọn akíritiyán. Tí ẹ bá gbọ́ họ̀ọ̀ tó ń wá ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ẹ má wakọ̀ náà lọ síbì kankan mọ́ àfi ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ sì rọra lọ. Tó bá jìnnà, ẹ pe mẹkáníìkì wá.

Mo ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn pé "Ó ti ń han fún oṣù kan, àmọ́ ó ti dákẹ́ báyìí." Ẹ̀rù irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ ń bà mí ju ariwo lọ. Bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án, tó dákẹ́ fúnra rẹ̀, ahọ́n irin yẹn lè ti kán. Ẹni tó ń kìlọ̀ ti lọ nìyẹn, páàdì ṣì ń jẹ tiẹ̀ lọ.

## Àwọn ariwo tí kò ní í ṣe pẹ̀lú páàdì

Tí òjò bá rọ̀ lóru, tàbí tí ẹ bá fọ ọkọ̀ lálẹ́ àná, bíréèkì á họ díẹ̀ láàárọ̀. Ìpẹtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà lójú dísìkì, nítorí irin lásán ni, wọn kì í kun ojú rẹ̀ lọ́dà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin ládùúgbò, ó parí. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ lórí ìyẹn.

Òkúta wẹ́wẹ́ ńkọ́? Irin pẹlẹbẹ kan tó fẹ̀ wà lẹ́yìn dísìkì, ó ń dènà ẹrẹ̀. Tí ẹ bá gba ọ̀nà tí wọn ò dà lọ́dà, òkúta lè há sáàárín méjèèjì, á sì máa họ "kẹẹẹẹ" yálà ẹ tẹ bíréèkì tàbí ẹ ò tẹ̀ ẹ́. Ariwo náà á dún débi tí ẹ̀ẹ́ fi rò pé ọkọ̀ ti bàjẹ́ pátápátá. Kí ẹ tó tú nǹkan kan, ẹ wakọ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ẹ wà á síwájú, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta. Ó máa ń já bọ́ fúnra rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín họ̀ọ̀ òkúta àti họ̀ọ̀ páàdì tó tán ni pé ti òkúta kì í bìkítà fún ẹsẹ̀ yín.

Bẹ́árìn táyà náà kì í bìkítà fún bíréèkì. Ó máa ń kùn "hùùùn" bí ẹ bá ṣe ń sáré sí i, ó sì sábà máa ń yí ohùn padà tí ẹ bá ṣẹ́wọ́ sápá kan. Páàdì tuntun mẹ́wàá ò lè wò ó sàn.

Tó bá jẹ́ pé "kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀" lẹ̀ ń gbọ́ nígbà tí ẹ bá ń kọjá nínú kòtò, ẹ fi ẹsẹ̀ kan bíréèkì fẹ́rẹ́ nígbà tó ń dún lọ́wọ́. Bó bá dákẹ́, páàdì ló ń mì nínú ilé rẹ̀. Àwọn irin tó ń há a mọ́ ti sọnù tàbí ti rọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ń dún "gbọ̀!" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹ bá ti tẹ bíréèkì, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo bọ́ọ̀tì kálípà lọ́jọ́ náà gan-an. Èyí kì í ṣe ohun tó ń dúró de owó oṣù.

## Iwájú àti ẹ̀yìn

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó wà lójú títì wa, irú Corolla tó jáde láàárín 2003 sí 2008 tó kún ìgboro, dísìkì ló wà níwájú wọn, dúrọ́ọ̀mù, irin bí ìkòkò tí ṣúù (páàdì tirẹ̀) ń tẹ̀ mọ́ láti inú, sì wà lẹ́yìn. Iwájú ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù, nítorí pé bí ọkọ̀ bá fẹ́ dúró, ìwúwo rẹ̀ ló ń rọ́ síwájú. Òun ló ń tètè jẹ páàdì, òun náà ló ń han. Dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ní tiẹ̀ máa ń kérora, "ùùùn", ní pàtàkì nígbà tí ẹ bá ń fi rìfáàsì jáde nílé. Inú rẹ̀ dé pa, eruku tí ṣúù ń jẹ kò ríbi jáde, ó ń kó ara jọ síbẹ̀ láti ọdún dé ọdún.

Ìfọ̀ nìkan máa ń tó fún dúrọ́ọ̀mù tó ń kérora, bí ṣúù inú rẹ̀ bá ṣì nípọn. Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ bá mi pariwo mọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́: ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu fẹ́ eruku yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ fẹ́ ẹ. Wọ́n ti fi asbestos, okùn wẹ́wẹ́ tó wá látinú òkúta, ṣe páàdì àti ṣúù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ojú ò lè mọ èyí tó ní i nínú. Kí wọ́n fi omi ọṣẹ rẹ ẹ́, kí wọ́n fi àkísà nù ún, kí wọ́n sì da àkísà náà nù.

## Ká fọ̀ ọ́ ni, ká pààrọ̀ páàdì ni, àbí ká pààrọ̀ tòun ti dísìkì?

Ibí ni owó wà, ibí náà sì ni wọ́n ti ń tan wá jẹ jù. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tan iná sí àárín rímù, ẹ̀ẹ́ rí etí páàdì. Àmọ́ ti ìta lẹ ń rí yẹn. Tí ọ̀pá kálípà bá ti gan, ti inú ló sábà máa ń yára jẹ jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u kí ẹ fojú rí méjèèjì. Mo ti rí i tí ti ìta nípọn bíi bisikíìtì tí ti inú sì ti di irin.

Bí páàdì méjèèjì bá ju mílímítà 5 lọ, tí ojú wọn ò sì sán, ìfọ̀ àti gíríìsì ni mo máa ń yàn. Ó dínwó ju gbogbo rẹ̀ lọ, àwọn mẹkáníìkì kì í sì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ torí pé kò sí èrè ọjà nínú rẹ̀. Ẹ fún un ní owó iṣẹ́ tó dáa, ẹ̀ẹ́ rí i pé á ṣe é. Gíríìsì náà ní irú tirẹ̀, èyí tó lè gba ooru tí kò sì ní ba rọ́bà jẹ́. Gíríìsì lásán tí wọ́n ń fi sí bẹ́árìn máa ń wú rọ́bà inú kálípà, tó bá wú tán, ọ̀pá tí a ní ká tú á tún gan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Pẹ́tírọ́ọ̀lù náà ńkọ́, tí wọ́n fẹ́ràn láti máa fi fọ gbogbo nǹkan? Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe fún rọ́bà.

Bí páàdì bá ti kù mílímítà 3 tàbí kó dín, kò sí àríyànjiyàn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀tún àti òsì papọ̀. Àwọn kan á ní kí ẹ pààrọ̀ ẹsẹ̀ kan kí ẹ lè ṣọ́wó ná. Ọkọ̀ á máa fà sápá kan tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ó di ọjọ́ òjò kí ẹ tó mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọ̀rọ̀ dísìkì ló nira láti pinnu. Ẹ fi èékánná wọ́ ojú rẹ̀ láti àárín jáde síta, nígbà tó bá ti tutù o. Bí èékánná bá ń há sínú ilà, tàbí tí etí rẹ̀ ti yọ sókè bí etí àwo, páàdì tuntun lórí rẹ̀ á máa họ láti ọjọ́ kìíní. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fá ojú dísìkì wà, owó wọn sì kéré sí ti dísìkì tuntun. Mo fara mọ́ ọn tí dísìkì bá ṣì nípọn. Wọ́n máa ń kọ òǹkà kan sára rẹ̀, "MIN TH", mílímítà tí kò gbọdọ̀ kéré sí. Bí ẹni tó fẹ́ fá a ò bá ní ohun èlò tó lè fi wọn ìnípọn rẹ̀, ẹ gbé dísìkì yín, ẹ máa lọ. Dísìkì tó ti fẹ́lẹ́ kì í gba ooru, á tètè gbóná, á tún mú kí páàdì jóná, ẹ̀ẹ́ sì padà síbi ìhan tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

## Páàdì wo?

Ní Àràròmí ní Géètì Ìbàdàn tàbí Ládípọ̀ ní Muṣin, ẹ ò ní dúró tó ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó béèrè pé "Tòkunbọ̀ àbí tuntun?" Lórí ẹ́ńjìnnì, mo lè bá yín jiyàn pé tòkunbọ̀ dáa. Lórí dísìkì pàápàá, mo lè gbà tí ẹ bá wọn ìnípọn rẹ̀. Lórí páàdì, rárá o. Ẹ ò mọ ooru tó ti jẹ, ẹ ò mọ ọ́ìlì tó ti dà sí i lára kó tó wọkọ̀ ojú omi. Páàdì tó ti mu ọ́ìlì kò ṣeé fọ̀, ibi tí ẹ kò fẹ́ ló sì ti máa yọ̀.

Nínú tuntun, irú mẹ́ta ló wà, ohun tí wọ́n pò pọ̀ ló yà wọ́n sọ́tọ̀:

| Irú páàdì | Ariwo | Eruku lára rímù | Lábẹ́ ooru | Bó ṣe ń pẹ́ sí |
|---|---|---|---|---|
| Èyí tó rọ̀, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní irin | Díẹ̀ | Díẹ̀ | Ó tètè rẹ̀ ẹ́ | Ó tètè jẹ |
| Èyí tí irin pọ̀ nínú rẹ̀ | Ó lè han | Púpọ̀, dúdú | Ó ń gbà á dáadáa | Ó pẹ́, ó ń jẹ dísìkì |
| Ceramic | Ó dákẹ́ jù | Díẹ̀, ó mọ́lẹ̀ lójú | Ó dáa fún ìrìn ojoojúmọ́ | Ó pẹ́ |

Fún ọkọ̀ ilé tó ń gbé ọmọ lọ síléèwé tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ceramic ni mo máa ń rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ ga. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ akérò, tàbí èyí tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti iṣu sọ̀kalẹ̀ láti àwọn òkè Èkìtì, ẹ ra onírin, ẹ fara da ariwo rẹ̀. Ìhan díẹ̀ nínú onírin kì í ṣe àìsàn. Bí ẹni tó wúlò tí ẹnu rẹ̀ sì mú ni.

Ẹ yí páàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ tó sanwó. Lára ọ̀pọ̀ páàdì, wọ́n máa ń tẹ lẹ́tà méjì mọ́ ẹ̀yìn òǹkà: EE, FF, GG, tàbí kí wọ́n pò ó bí FE. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe ń di dísìkì mú nígbà tó tutù, ìkejì nígbà tó gbóná. G lágbára ju F lọ, F lágbára ju E lọ. FE á mú dáadáa ládùúgbò, ó sì lè jáni kulẹ̀ lórí òkè. FF ni mo máa ń wá. Tí ẹni tó ń tà á bá wò yín tìyanutìyanu nígbà tí ẹ béèrè lẹ́tà, ẹ má bínú sí i, ẹ kàn fi tọ́ọ̀ṣì wò ó fúnra yín. Bí lẹ́tà náà ò bá sí rárá, tí páálí rẹ̀ sì ní àṣìkọ, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

## Lọ́dọ̀ mẹkáníìkì

Ẹ má jókòó sínú ọkọ̀ máa tẹ fóònù. Ẹ dúró tì í. Tó bá mú páàdì tó ń fi ojú rẹ̀ họ ilẹ̀ kọnkéré láti fi pa ìhan, ẹ dá a dúró pẹ̀lú ẹ̀rín, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lo sáńpépà." Lórí ilẹ̀ yẹn, òkúta wẹ́wẹ́ àti ọ́ìlì ló ń wọ inú páàdì. Bí kálípà bá wà níta, kí ó má fi rọ́bà ọ́ìlì rẹ̀ rọ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́gi; kí ó fi wáyà so ó mọ́ sípírínì. Lẹ́yìn tó bá parí, kí ẹ tó sún ọkọ̀ ní ìgbésẹ̀ kan, ẹ tẹ pẹ́dàlì bíréèkì léraléra títí yóò fi le. Wọ́n ti ti písítìnì, irin inú kálípà tó ń ti páàdì, padà sẹ́yìn, ìtẹ̀ àkọ́kọ́ á wọlẹ̀ lọ pátápátá, ọkọ̀ ò sì ní dúró. Ògiri mẹkáníìkì kan wà tí mo mọ̀ tó ní àpá bọ́ńpà lára nítorí èyí.

Páàdì tuntun tún ń fẹ́ kí wọ́n bá a mọra. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń lò, nígbà tí ọ̀nà ṣófo. Ẹ sáré dé kìlómítà 50 ní wákàtí, ẹ tẹ bíréèkì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ẹ ó fi sọ̀kalẹ̀ dé bíi 10, ẹ má dúró pátápátá, ẹ tún gbéra. Ẹ ṣe é tó ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí mẹ́wàá, kí ẹ wá wakọ̀ lásán fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó lè tutù. Páàdì á fi ara rẹ̀ pa ojú dísìkì dọ́gbadọ́gba. Àwọn tí kì í ṣe èyí ló máa ń ní páàdì tuntun ń han.

Tó bá ṣì ń han lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ padà lọ bá a, kí ẹ sì wo ilẹ̀ ibi tó ti tú táyà. Irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín ni, ó ṣeé ṣe kó ṣì wà nínú ọ́ìlì níbẹ̀.